Gbígbé Kẹ̀kẹ́ Ológeere Wọ Bàálù Lọ Síbi Ìsinmi

Kẹ̀kẹ́ ológeere tó fẹ́ bá olówó rẹ̀ wọ bàálù kì í wọ̀ ọ́ bó ṣe rí nílé. Wọ́n á yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n á tú pẹ́dà, wọ́n á yí ọwọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á wá dì í sínú páálí tàbí báàgì kó tó di ẹrù tó ṣeé kó sí ikùn bàálù. Láti oṣù kejì títí di oṣù karùn-ún ọdún, nígbà tí òtútù kò tíì kúrò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú ẹrù bẹ́ẹ̀ máa ń pọ̀ lọ́nà Lọ́ńdọ̀nù sí Palma, olú-ìlú erékùṣù Mallorca ní Sípéènì. Ìrìn-àjò náà kò ju nǹkan bíi wákàtí méjì àbọ̀ lọ lójú òfurufú. Oòrùn tí kò tíì gbóná jù ni àwọn arìnrìn-àjò náà ń wá lọ, pẹ̀lú ọ̀nà tó dán, àti àwọn òkè Tramuntana tó tò lọ bẹẹrẹ ní ìhà àríwá-ìwọ̀-oòrùn erékùṣù náà.

Ojú òfurufú ni ọ̀pọ̀ wọn ń bẹ̀rù: òtútù ibẹ̀, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tó fúyẹ́, àti gìrìgìrì bàálù nínú ìkúukùu. Bẹ́ẹ̀ kẹ̀kẹ́ kì í sábà bàjẹ́ lókè. Ilẹ̀ ló ti ń bàjẹ́. Orí bẹ́líìtì tó ń wọ́ ẹrù lọ ni ewu wà, àti nínú ọmọlanke pápákọ̀ níbi tí wọ́n ti ń to àpótí mẹ́rin márùn-ún lé ara wọn, àti lẹ́nu ilẹ̀kùn bàálù níbi tí àwọn aláàárù ti ń bá aago sáré. Gbogbo iṣẹ́ dídì kẹ̀kẹ́, ìyà ilẹ̀ yìí ló yẹ kí ó dojú kọ.

Kí owó tíkẹ́ẹ̀tì tó jáde lápò, ó yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ rò ó bóyá ó tilẹ̀ yẹ kí kẹ̀kẹ́ náà lọ rárá. Ṣọ́ọ̀bù tó ń fi kẹ̀kẹ́ háyà kún Alcúdia àti Port de Pollença ní Mallorca fọ́fọ́, kẹ̀kẹ́ wọn sì dára. Ẹni tó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta péré, kí ó háyà, torí owó ẹrù àlọ àti àbọ̀ nìkan lè ju owó háyà lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa lo ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí ẹni tó ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tàbí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ ni kí ó gbé. Gíga ìjókòó rẹ̀ àti bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe jìnnà sí ìjókòó ti bá ara olówó rẹ̀ mu láti ọjọ́ pípẹ́, èyí kò sì ṣeé rà nínú wákàtí kan ní ṣọ́ọ̀bù háyà. Bákan náà ni ti ẹni tó fẹ́ sọ̀ sílùú kan kó sì gbéra padà láti ìlú mìíràn: ibo ni yóò dá kẹ̀kẹ́ háyà padà sí?

Ìlànà àwọn iléeṣẹ́ bàálù kò bára mu, ẹni tó bá sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì kó tó kà á ti pẹ́ jù. Ní British Airways, wọ́n ń ka kẹ̀kẹ́ mọ́ ẹrù tí tíkẹ́ẹ̀tì ti fún èrò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé, bí wọ́n bá ti dì í, tí kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 190 lọ, tí kò fẹ̀ ju 75 lọ, tí kò sì ga ju 65 lọ. Ryanair àti easyJet ń gba owó kẹ̀kẹ́ lọ́tọ̀. 30 kílò ni òpin ìwọ̀n ti àkọ́kọ́, 32 sì ni ti èkejì. Kílò 32 yìí kò ṣàdédé wáyé. Òun ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ bàálù fi ṣe òpin fún ẹrù kan ṣoṣo, kí ẹ̀yìn àwọn tó ń gbé e má baà dá. Àyè tún wà láti rò: kẹ̀kẹ́ tí bàálù kan lè kó níye, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí èrò sọ fún wọn ṣáájú. Owó tó bá sì san lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń dín sí èyí tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní pápákọ̀. Bí ìrìn-àjò bá gba ọwọ́ iléeṣẹ́ méjì kọjá, èyí tí ìlànà rẹ̀ le jù ni kí èrò tẹ̀ lé.

Kẹ̀kẹ́ tó ń ká nìkan ló bọ́ lọ́wọ́ púpọ̀ nínú wàhálà yìí. Brompton, tí wọ́n ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, máa ń ká di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 65 sí 59 sí 27. Bí wọ́n bá ro ó pọ̀, kò tó 158, iye tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ bàálù fi ń mọ ẹrù tí kò tóbi ju ti gbogbo èèyàn lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irú kẹ̀kẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ fi gun òkè Tramuntana nìyẹn.

Páálí ni ohun ìdìkẹ̀kẹ́ tó rọrùn jù. Inú rẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ tuntun ti ń wá láti iléeṣẹ́ tó ṣe é, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù sì máa ń fi èyí tó ti ṣófo tọrẹ. Kò wúwo, ó sì ṣeé jù nù lọ́hùn-ún bí ìrìn-àjò kò bá ní padà gba ibẹ̀. Òjò ni ọ̀tá rẹ̀: bí ọmọlanke ẹrù bá dúró sí gbangba lábẹ́ òjò, ìdí páálí á rọ̀, á sì ya. Téèpù tó gbòòrò ni wọ́n fi ń wé ìdí rẹ̀ àti etí ihò tí àwọn aláàárù ń ki ọwọ́ bọ̀. Báàgì onífóòmù le jù ú lọ díẹ̀, ó sì ṣeé ká lẹ́yìn lílò. Àpótí oníke líle ló ń dáàbò bo kẹ̀kẹ́ jù, ṣùgbọ́n òun nìkan máa ń wọn kílò 10 sí 13, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n máa kó sí i á tún wọn 8 sí 10. Bí wọ́n bá fi bàtà àti aṣọ kún un, ó ti ń sún mọ́ òpin nìyẹn. Kì í sì í wọ takisí kékeré. Líle rẹ̀ gan-an tún ń fa nǹkan mìíràn: aláàárù tó bá rí àpótí tó dà bí òkúta kì í ro ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó to ẹrù lé e lórí.

Àwọn kan wà tí ìmọ̀ wọn yàtọ̀ pátápátá. Ẹgbẹ́ àwọn agunkẹ̀kẹ́ arìnrìn-àjò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Harrogate ní 1878, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí CTC fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di Cycling UK ní 2016, gbé ọ̀rá ńlá tí ojú ríran gba inú rẹ̀ kọjá lárugẹ. Inú ọ̀rá yìí ni wọ́n á ki kẹ̀kẹ́ sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á ṣì wà lára rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni pé ẹni tó bá rí i pé kẹ̀kẹ́ ni òun gbé dání kò ní jù ú. Á yí i gbirigbiri lọ síbi tó ń lọ, á sì fi í sórí ẹrù yòókù. Ọgbọ́n ńlá ni, torí ọwọ́ ẹni tó ń gbé ẹrù ni ó bá sọ̀rọ̀. Kẹ̀kẹ́ onírin tó nípọn lè jẹ àǹfààní rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí ara rẹ̀ jẹ́ káábọ̀n kò yẹ fún un, torí gbígbá kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè là á. Kí ó tó ra ọ̀rá, kí arìnrìn-àjò kọ́kọ́ wò ó bóyá iléeṣẹ́ bàálù rẹ̀ gbà á, torí àwọn mìíràn kì í gba kẹ̀kẹ́ tí kò bá sí nínú páálí tàbí báàgì.

Títú kẹ̀kẹ́ ni iṣẹ́ gan-an, wákàtí kan sí méjì ló sì ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é nígbà àkọ́kọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ nù ún mọ́, torí ibi tí ẹrẹ̀ bò kò ní jẹ́ kí wọ́n rí sísán tó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n á wá lẹ téèpù kékeré mọ́ òpó ìjókòó níbi tó ti wọ ara kẹ̀kẹ́, kí gíga rẹ̀ má baà sọnù. Pẹ́dà ló yẹ kí wọ́n tú ṣáájú, nígbà tí kẹ̀kẹ́ ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, torí ó máa ń gba agbára. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Pẹ́dà ọ̀tún ń tú sápá òsì bíi bóòtù gbogbo, ṣùgbọ́n ti òsì ń tú sápá ọ̀tún. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ìyípo ẹsẹ̀ ẹni tó ń gùn ún má baà máa tú u díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹni tí kò bá mọ̀, á máa fún un le sí i ni, títí eyín sípánà á fi jẹ. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Wilbur àti Orville Wright ti Dayton ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ fò ní 1903, mọ pẹ́dà báyìí lámọ̀dunjú, torí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń ṣe tà kí wọ́n tó ṣe bàálù. Ṣéènì irú ti kẹ̀kẹ́ náà ni wọ́n fi yí abẹ̀bẹ̀ bàálù wọn àkọ́kọ́. Ìbátan kẹ̀kẹ́ àti bàálù ti pẹ́.

Lẹ́yìn pẹ́dà, òpó ìjókòó á jáde, wọ́n á yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tàbí kí wọ́n tú u sílẹ̀ kó máa rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á sì yọ ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹnu fọ́ọ̀kì tí ẹsẹ̀ ti kúrò kò ní agbára mọ́; bí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, á fún pọ̀. Ìdí nìyẹn tí kẹ̀kẹ́ tuntun fi máa ń ní ike kan láàárín ẹnu fọ́ọ̀kì rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ń da ike yìí nù lójoojúmọ́, wọ́n á sì fún ẹni tó bá béèrè. Kẹ̀kẹ́ tí bíréèkì rẹ̀ jẹ́ onídíìsì tó ń fi epo ṣiṣẹ́ tún nílò ike pẹlẹbẹ kan láàárín páàdì bíréèkì méjèèjì. Bí wọn kò bá fi í síbẹ̀, tí ẹrù kan sì tẹ ọwọ́ bíréèkì, páàdì á pa dé mọ́ ara wọn, díìsì kò sì ní rí ọ̀nà wọlé mọ́ ní Palma. Díìsì fúnra rẹ̀ fẹ́lẹ́ bíi abẹ́, kì í pẹ́ tẹ̀. Yíyọ ló dára jù.

Ohun tó ń bàjẹ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ ni apààrọ̀-jíà ẹ̀yìn, irinṣẹ́ kékeré tó ń ti ṣéènì láti eyín jíà kan bọ́ sí òmíràn. Ó yọ síta lápá ọ̀tún, orí ìkọ́ kan ló sì rọ̀ mọ́, tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ní rírọ̀ kí ó lè tẹ̀ dípò kí ara kẹ̀kẹ́ fọ́. Bí wọ́n bá fi ẹ̀gbẹ́ yẹn gbé páálí kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ìkọ́ á wọ́, jíà kò sì ní bọ́ sójú ibi tó yẹ mọ́. Kọ́kọ́rọ́ Allen kan péré ni wọ́n fi ń tú u. Wọ́n á fi àkísà wé e, wọ́n á sì so ó mọ́ inú, láàárín àwọn irin ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó tún bójú mu kí wọ́n mú ìkọ́ kan dání ní àfikún, torí oríṣiríṣi ni wọ́n, èyí tó bá kẹ̀kẹ́ ẹni mu lè má sí ní ṣọ́ọ̀bù erékùṣù.

Fóòmù oníhò gbọọrọ tí àwọn púlọ́ńbà fi ń wé páìpù omi gbígbóná ló dára jù láti fi wé ara kẹ̀kẹ́, kò sì wọ́n. Wọ́n á to ẹsẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́, wọ́n á sì rí i pé irin àárín wọn kò kan ara kẹ̀kẹ́ níbikíbi, kí wọ́n tó fi okùn so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì á wọ inú ọ̀rá kékeré kan tí wọ́n máa dè mọ́ ara kẹ̀kẹ́, torí ohun tó bá já sílẹ̀ nínú páálí lè gba ihò rẹ̀ jáde. Ìdánwò ìkẹyìn rọrùn: kí wọ́n gbé páálí sókè, kí wọ́n mì í. Ohun tó bá ń dún nínú rẹ̀, ohun tó máa ha nǹkan mìíràn lára ni.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ inú táyà ti di àríyànjiyàn láàárín àwọn agunkẹ̀kẹ́. Wọ́n ní bí táyà bá kún, á bú lókè. Ìṣirò rẹ̀ kò gbè é. Níbi tí ilẹ̀ bá òkun dọ́gba, afẹ́fẹ́ ayé ń fi 14.7 psi tẹ nǹkan (psi ni ìwọ̀n tí fọganáísà ń kà lórí géèjì). Nínú bàálù, wọ́n ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí á fi dà bí ti orí òkè tó ga ní 6,000 sí 8,000 ẹsẹ̀ bàtà, tí í ṣe nǹkan bíi 11 sí 12 psi. Ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí àti ibi tí èrò ń jókòó sí sì jọ ń pín afẹ́fẹ́ kan náà ni. Nítorí náà, táyà tó ní 80 psi nílẹ̀ á dà bí ẹni ní 84 lókè, bóyá kò ní tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ká tilẹ̀ ní gbogbo afẹ́fẹ́ inú bàálù lọ tán, ohun tó máa fi kún un kò ju 15 lọ. Àmọ́ ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ bàálù ṣì ń pa á láṣẹ pé kí wọ́n jò ó sílẹ̀, ẹni tó ń dúró lẹ́nu káńtà kò sì ní ráyè gbọ́ ìṣirò. Kí wọ́n jò ó, ṣùgbọ́n kí wọ́n má jò ó tán. Táyà tó ṣì rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ jẹ́ ìrọ̀rí fún rímù nígbà tí páálí bá já lulẹ̀, èyí tó pẹlẹbẹ pátápátá kò sì lè dáàbò bo nǹkan kan.

Bátìrì ló ní òfin tó le jù. Bátìrì lítíọ̀mù tí agbára rẹ̀ kò ju 100 Wh (wáàtì-wákàtí) lọ lè bá èrò wọ bàálù, èyí tó wà láàárín 100 àti 160 gba àṣẹ iléeṣẹ́ bàálù, èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ kò gbọdọ̀ wọ bàálù èrò rárá. Bátìrì kẹ̀kẹ́ oníná sábà máa ń ju 300 lọ, ọ̀pọ̀ wọn sì ju 500 lọ. Iná lítíọ̀mù ṣòro pa, ọwọ́ kò sì lè tó o nínú ikùn bàálù. Nítorí náà, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ oníná máa háyà òmíràn lọ́hùn-ún ni. Bátìrì kéékèèké tó ń ṣiṣẹ́ fún jíà, iná kẹ̀kẹ́ àti kọ̀ǹpútà ojú ọ̀nà kò ní wàhálà. Ibi tí wọ́n ti yẹ ni báàgì àfọwọ́gbé. Agolo afẹ́fẹ́ CO2 kéékèèké tí wọ́n fi ń kún táyà kíákíá, òfin gba tó mẹ́rin pẹ̀lú àṣẹ iléeṣẹ́ bàálù, àmọ́ pọ́ńpù kékeré ló ń fọkàn ẹni balẹ̀ jù. Bàtà kẹ̀kẹ́ àti akoto náà dára nínú báàgì àfọwọ́gbé. Bí kẹ̀kẹ́ bá pẹ́ lọ́nà, olówó rẹ̀ á lè háyà òmíràn, á sì máa gùn ún títí tirẹ̀ á fi dé.

Lọ́jọ́ ìrìn-àjò, kí arìnrìn-àjò tètè jáde, torí ibi tí wọ́n ti ń gba ẹrù ńlá yàtọ̀ sí bẹ́líìtì gbogbo èèyàn, ó sì lè jìnnà. Wọ́n á wọn ẹrù, wọ́n á lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn, olówó rẹ̀ á sì gbé e lọ fúnra rẹ̀ síbi ẹ̀rọ tó ń wo inú ẹrù. Àwọn òṣìṣẹ́ aláàbò lè ní kí ó tú u. Yóò nílò láti tún un dì, torí náà kí ó mú téèpù tó ṣẹ́ kù dání. Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù á wà lára páálí, wọ́n á sì tún wà nínú rẹ̀.

Ní Palma, kí wọ́n ṣí páálí kí wọ́n tó jáde kúrò ní gbọ̀ngàn ẹrù. Ìwé àdéhùn Montreal ti 1999, tí Nàìjíríà náà fi sínú òfin rẹ̀ ní 2006, ló ń darí ọ̀rọ̀ ẹrù tó bàjẹ́ lórí ìrìn-àjò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ó fún èrò ní ọjọ́ 7 láti fi ìwé fẹjọ́ sùn bí ẹrù bá bàjẹ́, àti ọjọ́ 21 bó bá jẹ́ pé ó pẹ́ dé ni. Láti ọjọ́ 28 oṣù kejìlá 2024, òpin ohun tí iléeṣẹ́ bàálù máa san fún èrò kan lórí ẹrù ni 1,519 SDR, owó ìṣirò àjọ IMF, tí í ṣe nǹkan bíi £1,500 sí £1,600. Kẹ̀kẹ́ káábọ̀n tó dára sábà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí ìbánigbófò fi yẹ fún un. Ìwé àdéhùn kan náà ní bó bá jẹ́ láti inú àbùkù ẹrù fúnra rẹ̀ ni ìbàjẹ́ ti wá, wọn kò ní san án. Àwòrán tí olówó kẹ̀kẹ́ yà nígbà tó ń dì í nílé ló máa gbè é lẹ́sẹ̀ nígbà náà.

Títò ó padà kò pẹ́ tó títú, ṣùgbọ́n kò gba ìkánjú. Bóòtù ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sábà máa ń ní nọ́ńbà lára, bíi 5 Nm, èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ fún un dé láìkọjá rẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ káábọ̀n. Kí wọ́n kọ́kọ́ gùn ún nílẹ̀ títẹ́jú, kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo jíà, kí wọ́n sì tẹ bíréèkì méjèèjì gidigidi kí wọ́n tó forí lé òkè. Ọ̀nà Sa Calobra lórí òkè Tramuntana, tí ẹnjiníà Antonio Parietti ṣe ní 1932, já wálẹ̀ láti Coll dels Reis, tó ga ní mítà 682, dé etí òkun nínú nǹkan bíi kìlómítà 10, pẹ̀lú ìgun 26 tó le. Níbì kan, ọ̀nà náà yí po, ó sì gba abẹ́ ara rẹ̀ kọjá. Òun nìkan ni ọ̀nà ọkọ̀ tó débẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó bá sì sọ̀ ọ́ ló máa gùn ún padà. Bíréèkì tí afẹ́fẹ́ wọ inú epo rẹ̀, tàbí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tí bóòtù rẹ̀ kò fún, kò gbọdọ̀ dé orí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ní erékùṣù náà máa ń bá èrò tọ́jú páálí. Fóòmù, ike àti okùn á wà nínú rẹ̀, kí wọ́n má baà máa wá wọn kiri lọ́jọ́ ìpadàbọ̀. Dídì ti àbọ̀ ló máa ń mẹ́hẹ jù, torí àárẹ̀ ti mú ẹsẹ̀, ilẹ̀ sì ti ṣú. Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ló dára láti ṣe é. Bí wọ́n bá délé, wọ́n á tún yẹ kẹ̀kẹ́ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọn kò sì ní ju páálí nù kí ọjọ́ 7 ìfẹjọ́sùn tó pé, torí ara rẹ̀ ni àmì ibi tí ẹrù ti gba ìyà máa ń wà.